Ọmọ Peckham àti Ẹnu Àwa Òǹwòran

Nígbà tí àjọ FIFA fọwọ́ sí i ní oṣù Kejì ọdún 2022 pé kí Adémọ́lá Lookman máa gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà, kì í ṣe "ẹ kú oríire" ni mo kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn wa ní Catford níbí, ní London. Ohun tí wọ́n ń tẹnu mọ́ ni pé England ló kọ̀ ọ́ tó fi rántí ilé baba rẹ̀. Wọ́n ní aṣọ England ló ń wọ̀ nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, wọ́n ní ó wà lára àwọn tó bá wọn gba ife àgbáyé àwọn ọmọ tí kò tíì ju ogún ọdún lọ ní Kòríà ní 2017, ìgbà tí ọ̀nà sì dí tán níbẹ̀ ló wá yà sọ́dọ̀ wa. Ẹnìkan tiẹ̀ pè é ní agbábọ́ọ̀lù tòkunbọ̀, bí ọkọ̀ tí òyìnbó ti lò gbó kí wọ́n tó kó o wá sí etíkun Èkó. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 2024, ní ìlú Marrakech, àjọ CAF kéde pé tòkunbọ̀ yìí ni agbábọ́ọ̀lù tó pegedé jù lọ nílẹ̀ Áfíríkà lọ́dún náà. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwòrán rẹ̀ ti gba orí WhatsApp àwọn ọmọ Yorùbá Catford kan, àwọn tó bú u ní 2022 ló sì ń fọn fèrè rẹ̀ jù. Ó di "ọmọ wa". Ó di "Adé". Wọ́n ní àwọn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìwà kì í kúrò lẹ́nu wa níbi tí a bá ti ń wo bọ́ọ̀lù. Èyí ní ẹ̀kọ́ ilé, tọ̀hún ò ní. Èyí ń gbéraga, tọ̀hún mọ ẹni tó jù ú lọ. Ojoojúmọ́ là ń fi òṣùwọ̀n ọmọlúàbí wọn àwọn ọmọ tó ń sáré lórí pápá, bẹ́ẹ̀ a kì í gbé ẹnu tiwa sórí òṣùwọ̀n kan náà. Mo fẹ́ gbé e sí i lónìí. Màá gbé Lookman sí i pẹ̀lú, nítorí ìtàn rẹ̀ kò mọ́ gaara tó bí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ti ń sọ ọ́. Tèmi ni pé a kì í fi ọjọ́ ògo mọ ọmọlúàbí. Bí ẹ̀bi bá jẹ́ tirẹ̀, báwo ló ṣe rù ú? Bí ó bá ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu tó lè fi dójú ti ẹlòmíràn, ta ló dá sí?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ti pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Wandsworth ni wọ́n bí i sí ní oṣù Kẹwàá ọdún 1997, Peckham ló sì dàgbà sí. Bọ́ọ̀sì 171 tí à ń wọ̀ ní Catford gba Brockley àti New Cross débẹ̀. Ẹni tó bá mọ Rye Lane mọ irú ibi tí mò ń sọ: iṣu tí wọ́n tò síta ṣọ́ọ̀bù, ẹja gbígbẹ, pọ̀nmọ́, àwọn ìyá tó ń fi Yorùbá ponbele ná ọjà, àwọn ọmọ tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì dá wọn lóhùn. Ẹgbẹ́ kékeré kan tó ń jẹ́ Waterloo FC ni Lookman wà nígbà tí àwọn ojúgbà rẹ̀ ti bọ́ sábẹ́ àwọn kíláàbù ńlá. Joe Gomez, tí wọ́n bí ní Catford wa yìí lọ́dún 1997 kan náà, láti kékeré ló ti wà ní Charlton; nígbà tó fi di oṣù Kẹfà ọdún 2015, Liverpool ti rà á. Lookman ti tó ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kí Charlton tó gbà á wọlé, oṣù Kọkànlá ọdún 2015 ló sì tó wọ pápá pẹ̀lú àwọn àgbà wọn. Ìwé rẹ̀ kò jìyà láàárín ìgbà yẹn o. Ó yege dáadáa nínú ìdánwò àṣejáde girama. Òbí wo ní Catford ni kò ní fi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yangàn?

Everton rà á ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2017. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọ pápá fún wọn, wọ́n na Manchester City ní 4-0, òun ló sì gbá ìkẹrin wọlé. Ariwo ta. Lẹ́yìn ariwo, bẹ́ǹṣì. Ní 2018 ó gbà láti lọ yá ara rẹ̀ fún RB Leipzig ní Jámánì, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mọ́kànlá ló gbá ní líìgì wọn, ó ju góòlù márùn-ún sáwọ̀n. Leipzig wá rà á pátápátá ní 2019, ó sì tún di ẹni tó ń jókòó wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n yá a fún Fulham, wọ́n tún yá a fún Leicester. Ẹni tó bá rìn báyìí fún ọdún márùn-ún kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Àwa la ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i.

Ìgbà tó wà ní Fulham ló ṣe ohun tí wọ́n fi ń pẹ̀gàn rẹ̀ di òní. Ọjọ́ 7 oṣù Kọkànlá ọdún 2020 ni, ní pápá West Ham. Àrùn kòrónà ti lé òǹwòran lọ, àga ṣófo ló yí pápá ká. West Ham ti ju ẹyọ kan sáwọ̀n nígbà tí eré fẹ́ parí, àfi bí Fulham ṣe rí pẹ́nárítì gbà ní ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn pátápátá. Bó bá wọlé, ọ̀mì ni. Lookman gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀, ó sáré bọ̀, ṣùgbọ́n dípò kó gbá a, ó rọra fi orí ẹsẹ̀ bù ú sókè kó lè já sí àárín ilé. Antonín Panenka ará Czechoslovakia ló fi irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ gba ife ẹ̀yẹ Yúróòpù fún orílẹ̀-èdè rẹ̀ ní 1976, orúkọ rẹ̀ sì ni wọ́n fi ń pè é títí dòní. Ti Lookman rọ̀ jù. Aṣọ́lé West Ham, Łukasz Fabiański, kàn nawọ́ mú un ni. Fèrè dún, Fulham pàdánù. Scott Parker tó jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn kò fi bò pé inú bí òun, ó sì ní ọmọ náà fúnra rẹ̀ mọ̀.

Àwọn kan ń jà fún un pé bó bá wọlé ni, ọgbọ́n la ò bá máa pè é. Òótọ́ ni pé ẹnu wa ò bá yí padà, ṣùgbọ́n ìyẹn kò sọ ọ́ di ohun tó dára. Pẹ́nárítì ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn kì í ṣe ti ẹni tó fẹ́ gbá a nìkan. Àwọn mẹ́wàá yòókù ló ti làágùn dé ibẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, àti àwọn tó ń fọ aṣọ wọn, àti àwọn tó jókòó sílé tí wọ́n ń gbàdúrà. Iṣẹ́ tí gbogbo ilé fi rán èèyàn, a kì í dúró ní ìdajì ọ̀nà kà á sí eré àṣehàn. Àṣejù ni, mo sì kà á sí i lọ́rùn.

Àmọ́ mo tún wo ohun tó tẹ̀lé e. Kò sá pamọ́. Kí oṣù náà tó parí, ní ọjọ́ 30, Fulham lọ na Leicester ní 2-1 nílé wọn, Lookman ló sì kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Ó bá wọn tiraka títí wọ́n fi já wálẹ̀ láti Premier League ní 2021. Nígbà tó wá dúró ní Marrakech pẹ̀lú àmì ẹ̀yẹ Áfíríkà lọ́wọ́, tí kò sí ẹni tó ní kó ṣe bẹ́ẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló rán àwọn èèyàn létí ibi tí òun wà ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, bí nǹkan ṣe dojú rú fún òun, bí òun ṣe já wálẹ̀. Ọjọ́ tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ara wọn nìyẹn. Ó mú ìtìjú rẹ̀ wá síbi ìyìn rẹ̀, ó gbé méjèèjì dání pọ̀. Mo fẹ́ràn ìyẹn ju góòlù lọ.

Mo mọ̀ pé góòlù ló mú kí àwọn èèyàn gbọ́. Ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún ọdún 2024, Dublin, àṣekágbá Europa League. Bayer Leverkusen ti gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 51 láìsí ẹni tó nà wọ́n. Atalanta ará Italy, ẹgbẹ́ tí Lookman wà nígbà náà, tí wọ́n ti dá sílẹ̀ láti 1907, kò tíì gba ife kankan rí ní Yúróòpù. Ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan lẹ́bàá Rushey Green ni mo ti wò ó. Bàbá kan wà lórí àga, wọ́n ti gẹ apá ọ̀tún irun wọn tán, ó ku ti òsì. Ìṣẹ́jú 12, Lookman yọ sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ láìròtẹ́lẹ̀, ó gbá a wọlé. Onígbàjámọ̀ pa kílípà. Ìṣẹ́jú 26, ó ti bọ́ọ̀lù gba àárín ẹsẹ̀ ẹni tó dúró níwájú rẹ̀, ó sì gbá a láti ẹnu àpótí, bọ́ọ̀lù tẹ̀ kọrọdọ wọ igun ilé. Ìṣẹ́jú 75, ẹsẹ̀ òsì, òkè àwọ̀n. Kò sẹ́ni tó rántí irun mọ́.

Ọ̀gbẹ́ni tó pè é ní tòkunbọ̀ wà níbẹ̀, òun ló ń pariwo jù. Bàbá yí àga sí i, tòun ti aṣọ tí wọ́n so mọ́ wọn lọ́rùn.

"Ìwọ, ṣé kì í ṣe ìwọ lo ní England ló kọ̀ ọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ jẹ́ á gbádùn ara wa jàre. Bọ́ọ̀lù ni."

"Mo mọ̀ pé bọ́ọ̀lù ni. Ọmọ ọlọ́mọ lo bú."

Ó yí ojú padà sí tẹlifíṣọ̀n.

"Bọ́ọ̀lù ni" yìí ni mo fẹ́ ká yẹ̀ wò. Bí agbábọ́ọ̀lù bá ṣe àṣìṣe, a ò ní bọ́ọ̀lù ni. A ní ìwà ni, a ní ilé tó ti wá ni, a tọpinpin rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ìyá tó bí i. Bí ó bá kan ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu tiwa, eré lásán ni. Àwọn àgbà wa mọ ohun tí èèyàn ń ṣe nígbà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá kùnà lórí ẹnìkejì: á ní "mo túúbá", ọ̀rọ̀ á tán. Kò gba owó, kò gba ìwé ìrìnnà. Ẹni tó bá bú ọmọ lánàá, tó wá ń jó nínú ọlá rẹ̀ lónìí láìtúúbá, gbèsè rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀.

Mi ò ní sọ pé ìkọminú ìgbà náà kò nídìí rárá. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2022 ni Tunisia lé Super Eagles jáde nínú ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà ní Cameroon. Moses Simon ti sáré títí ẹ̀mí fẹ́ẹ̀ bọ́ lẹ́nu rẹ̀ níbẹ̀. Ahmed Musa ti ń wọ aṣọ náà láti 2010. Ó dun àwọn kan pé ẹni tó ń bọ̀ láti London yóò gba ipò lọ́wọ́ àwọn tó ti jẹ ìyà rẹ̀. Ní oṣù Kẹta, Nàìjíríà gbá ọ̀mì méjì pẹ̀lú Ghana, 0-0 ní Kumasi àti 1-1 ní Abuja, a sì pàdánù àǹfààní láti lọ sí ife àgbáyé ní Qatar. Lookman àlejò wà nínú ẹgbẹ́ náà, ojú gbogbo èèyàn sì yí sí i. Ó tọ́ kéèyàn bi í pé: ṣé wàá dúró tì wá? Ìbéèrè nìyẹn. Èébú ni mo gbọ́.

Bẹ́ẹ̀ sì ni, ọ̀nà wo gan-an la fẹ́ kí àwọn ọmọ wọ̀nyí gbà? Tammy Abraham, ọmọ Camberwell tó wà nítòsí Peckham, yan England ní 2017. Àwọn kan lára wa bú u pé kò mọ orísun. Bukayo Saka, ọmọ Yorùbá tó dàgbà ní Ealing, yan England ní 2020. A bú òun náà, àyàfi ìgbà tó bá gbá bọ́ọ̀lù wọlé, kó tó padà di ọmọ wa. Lookman yan Nàìjíríà, a ní ó pẹ́ kó tó dé. Ẹni tó lọ jẹ̀bi, ẹni tó wá jẹ̀bi. Bí ilé bá rí báyìí, kí la fẹ́ fi pe ọmọ wálé?

Ibi tó ti dùn mí jù ni pé àwọn ọmọ wa ń gbọ́. Ẹ lọ sí Mountsfield Park ní ọjọ́ Sátidé, ẹ gbọ́ orúkọ tí wọ́n fi ń pe ara wọn lórí pápá: Tóbi, Fẹ́mi, Dèjì, Àyọ̀. Ẹ gbọ́ ohùn tí wọ́n fi ń pè é: ohùn London gidi. Orúkọ Yorùbá, ohùn London, bí ti Lookman gẹ́lẹ́. Wọ́n máa ń jókòó tì wá lórí àga ìrọ̀gbọ̀kú nígbà tí à ń wo bọ́ọ̀lù. Nígbà tí a bá ní ọmọ Peckham kì í ṣe Yorùbá tó, pé ọjà tí wọ́n ti lò ni, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ó ti mọ ibi tí òun wà nínú ọkàn baba òun. Ọ̀la, a ó tún máa bi í pé kí ló dé tí kò fẹ́ sọ Yorùbá.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ tí mo kà sí ìdánwò Lookman tó le jù. Ọjọ́ 18 oṣù Kejì ọdún 2025, Club Brugge ará Belgium wá bá Atalanta nílé wọn ní Bergamo nínú Champions League. Kí wọ́n tó lọ sinmi, góòlù mẹ́ta ti wọ ilé Atalanta. Lookman, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ láti inú ìpalára, wọlé lẹ́yìn ìsinmi, kò sì pẹ́ rárá tó fi dá ọ̀kan padà. Pẹ́nárítì dé. Òun ló gbá a, aṣọ́lé mú un, Atalanta sì jáde nínú ìdíje náà. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn nígbà náà, Gian Piero Gasperini, tó ti wà níbẹ̀ láti 2016, wá sọ níwájú àwọn oníròyìn pé Lookman wà lára àwọn tí kò mọ pẹ́nárítì gbá jù lọ tí òun rí rí, pé ní ibi ìgbáradì pàápàá kò mọ̀ ọ́n gbá, pé kì í ṣe òun ló yẹ kó gbá a.

Ẹnì kan náà tó gba ife Yúróòpù fún wọn ní Dublin, kò tíì pé ọdún kan.

Lookman fèsì. Ó kọ ọ́ pé ọ̀rọ̀ náà dun òun, pé òun kà á sí àrífín bí wọ́n ṣe ya òun sọ́tọ̀ báyẹn, pẹ̀lú gbogbo bí òun ṣe ń ṣiṣẹ́ fún ẹgbẹ́ náà. Ó ní ẹni tí wọ́n yàn láti gbá pẹ́nárítì ló ní kí òun gbá a, òun sì gbà láti ràn wọ́n lọ́wọ́ nígbà náà. Kò dárúkọ ẹni náà.

Ẹ jẹ́ ká dúró níbí yìí. Orúkọ kan ṣoṣo ni ì bá fi kún un. Ì bá kàn kọ orúkọ ẹnìkejì rẹ̀ sílẹ̀, ìdajì ẹ̀bi náà ì bá ti kúrò lọ́rùn rẹ̀ bọ́ sí ọrùn ẹlòmíràn kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, kò sì ní jẹ́ irọ́. Ó fi òtítọ́ náà gbèjà ara rẹ̀, ó sì fi orúkọ náà pamọ́. Bí ọmọ tèmi bá ṣe bẹ́ẹ̀ níbi iṣẹ́, màá pe àwọn ẹbí jọ kí wọ́n wá bá mi dúpẹ́.

Ọ̀rọ̀ náà dá awuyewuye sílẹ̀ láàárín wa. Àwọn àgbàlagbà kan ní ọmọdé kì í fún àgbà lésì ní gbangba. Àwọn ọ̀dọ́ ní ì bá tiẹ̀ bú bàbá náà dáadáa. Mi ò sí lẹ́yìn ìhà kankan nínú méjèèjì. Ìtẹríba kò sọ pé kéèyàn gbé ìwọ̀sí mì bí omi. Ọmọ tó ní "ẹ dùn mí, sà" kò ṣe àfojúdi; ọ̀wọ̀ ló fi sọ pé òun náà ní iyì. Àgbà kì í sì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹni tó bá ní ẹjọ́ pẹ̀lú ọmọ abẹ́ rẹ̀ a máa pè é wọ yàrá. Èyí tí Gasperini ṣe, orí tó wọ́ ni kò tún ṣe. Ó pe ọjà wá wò ó. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tó ṣe Atalanta lóore bíi tirẹ̀ kò wọ́pọ̀, mo mọ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn ọmọ ló hùwà àgbà.

Èyí ni kò jẹ́ kí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún náà dùn mọ́ mi. Inter Milan fẹ́ rà á, Atalanta kò gbà. Lookman gbé ọ̀rọ̀ sórí Instagram pé àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ náà ti ṣèlérí fún òun tẹ́lẹ̀ pé bí owó tó tọ́ bá dé, àwọn á jẹ́ kí òun lọ, pé wọ́n ti yẹ̀ é, òun sì ti kọ̀wé pé òun fẹ́ kúrò. Kò sì lọ síbi ìgbáradì mọ́ fún ìgbà díẹ̀.

Ní ti ìlérí, mo wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀ fún un lóòótọ́, ọ̀rọ̀ ẹnu tó ìwé. Àwọn baba wa fi ọ̀rọ̀ ẹnu gba ìyàwó, wọ́n fi ọ̀rọ̀ ẹnu yá oko, ẹni tó bá sì yẹ àdéhùn, gbogbo àdúgbò ló máa mọ̀ ọ́n. Kò yẹ kí ọlọ́rọ̀ máa di ìwé mú nígbà tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ bá ti ń ná an lówó. Ti pé kò lọ síbi iṣẹ́ ni kò bá mi lára mu. Ẹ wo àwọn èèyàn wa ní Catford yìí: nọ́ọ̀sì, awakọ̀ bọ́ọ̀sì, àwọn tó ń tọ́jú arúgbó. Bí wọ́n bá rí iṣẹ́ tó sàn ju èyí tí wọ́n ń ṣe lọ, wọ́n á kọ̀wé, wọ́n á sì máa lọ síbi iṣẹ́ títí ọjọ́ á fi pé, bí ọ̀gá wọn tilẹ̀ burú. Wọn kì í fi arúgbó sílẹ̀ lórí ibùsùn láìjẹun nítorí pé ọ̀gá yẹ àdéhùn. Àwọn agbábọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ rẹ̀ ń múra fún sáà tuntun, akọ́nimọ̀ọ́gbá tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kò sì sí èyí tó ṣẹ̀ ẹ́ nínú wọn. Ẹni tó dá orúkọ ẹnìkejì rẹ̀ sí ní oṣù Kejì, àwọn kan náà ló fi sílẹ̀ sínú wàhálà ní oṣù Kẹjọ. Wọn kò jẹ́ kó lọ nígbà náà, ó padà wọ aṣọ wọn, ó sì gbá bọ́ọ̀lù fún wọn. Mo fẹ́ràn rẹ̀, mo sì sọ pé kò ṣe dáadáa níbẹ̀. Kò yẹ kí ọ̀kan nínú méjèèjì lé èkejì jáde.

Nínú wa, ó ṣòro láti rí ẹni tó lè di méjèèjì mú. Àwọn tó ń yìn ín ní kò jẹ òyìnbó ní nǹkan kan. Àwọn tó ń bú u ní a ti mọ̀ pé abaraámóorejẹ ni. Lójú tàwọn kan ó di òrìṣà, lójú tàwọn mìíràn ó di ọ̀tá, kò sí ẹni tó fẹ́ jókòó tì í bí ọmọ ẹni tó ṣe rere tó sì tún ṣe àṣìṣe.

Ó hàn jù ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2026. Nàìjíríà na Mozambique ní 4-0 nínú ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà ní Morocco. Lookman gbá ọ̀kan wọlé, Victor Osimhen gbá méjì. Pẹ̀lú gbogbo ayọ̀ yẹn, Osimhen jágbe mọ́ Lookman lójú pápá, ó ní kò fún òun ní bọ́ọ̀lù, kò sì pẹ́ tó fi ní kí wọ́n yọ òun. Kò dára, mi ò ní bò ó. Lẹ́yìn eré, wọ́n bi Lookman léèrè. Ó ní kò tó nǹkan, ó ní Osimhen ni ẹni àkọ́kọ́ láàárín àwọn agbáyòsílé wa, gbogbo èèyàn ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní Catford, ọ̀rọ̀ di ti ẹ̀yà kí ilẹ̀ tó ṣú. Lookman ọmọ Yorùbá, Osimhen ọmọ Edo. Àwọn kan ní òyìnbó lásán ni Lookman, pé Osimhen ni ọmọ Nàìjíríà gidi nítorí pé Olúsòsùn l'Ékòó ló dàgbà sí, níbi tó ti ń kiri omi láàárín ọkọ̀ nígbà súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Àwọn tiwa dìde láti gbèjà ọmọ Yorùbá, ìgbèjà náà sì burú ju ohun tó fà á lọ. Ọ̀gbẹ́ni kan tí a jọ máa ń wo bọ́ọ̀lù fa ìyá Osimhen wọ inú ọ̀rọ̀, ó sì ṣépè. Ìyá náà ti kú láti ìgbà tí ọmọ ọ̀hún wà ní kékeré.

Mo sọ fún un pé ẹni tí wọ́n jágbe mọ́ ti dárí jì. Mo ní ìwọ tí wọn kò jágbe mọ́, kí ló gbé ọ dé ibojì ìyá ọlọ́mọ? Ó ní torí Lookman ni, pé wọn ò gbọdọ̀ fi ọmọ Yorùbá wọ́lẹ̀. Mo ní Lookman kò rán an níṣẹ́, kó kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ níwájú gbogbo àwọn tó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Kò tíì kó o jẹ. A ṣì jọ ń wo bọ́ọ̀lù, mo sì máa ń bi í léèrè rẹ̀ nígbàkígbà tí wọ́n bá ti dárúkọ Osimhen.